Ọmọ kan dákú lórí pápá wa: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún ètò ìdárayá àwọn agbábọ́ọ̀lù mi tò

Kóòṣì Òkè-Àró kọ̀wé pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní Àkúrẹ́ níbí. Àwọn ọmọ 22 ni wọ́n; èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, èyí tí ó dàgbà jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ọjọ́ mẹ́ta la ń pàdé lọ́sẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, oòrùn oṣù kẹta sì mú gan-an. Wọ́n ti yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n ti ṣe púṣọ́ọ̀pù, mo sì ní kí wọ́n sá eré mítà 100 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú gbogbo agbára wọn kí a tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ní ìkeje, mo rí i tí ọmọ náà ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó sì dá mi lóhùn pé kí n bá òun ti ilẹ̀kùn. Kò sí ilẹ̀kùn kankan nítòsí wa. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú. A gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, a da omi sí i lára, a sì fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó ti padà sílé, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ibà ti ń ṣe é láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọmọ náà kò sọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.

Láti ọjọ́ náà, oorun kò kún ojú mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó yẹ kí n tún un kọ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣètò ìdárayá tí yóò mú ara agbábọ́ọ̀lù le, tí kò sì ní ṣe é léṣe?

Olùtọ́jú Iṣan, Ondo kọ̀wé pé:

Ẹ kú ewu ọmọ náà o, Kóòṣì. Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú iṣan àti oríkèé àwọn tó fara pa, ní ìlú Ondo ni mo sì wà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń wá sọ́dọ̀ mi, kì í ṣe ibi ìdíje ni wọ́n ti fara pa, ibi ìdárayá ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù àgbà máa ń rin kìlómítà 10 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú 90, ṣùgbọ́n kì í rìn ín ní ọwọ́ kan náà. Á rìn díẹ̀, á sá díẹ̀, á dúró lójijì, á yí padà, á fò, á bá ẹlòmíràn fi èjìká gbún ara, á tún sá bí ọta ìbọn fún mítà 15, yóò sì padà máa rìn. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ ń yí padà. Ẹni tó ń yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìrìn kan ṣoṣo tí bọ́ọ̀lù kì í sábà béèrè. Ó lè sá a títí kí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ sì já ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá ní láti dúró gìrì kí ó yí padà, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ́ iṣan náà bí a ṣe ń dúró.

Ohun kejì ni ètò tí ẹ fi tò ó. Eré sísá pẹ̀lú gbogbo agbára kì í wá lẹ́yìn tí ó ti rẹ ènìyàn. Ìgbà tí ara ṣì yá, tí ó sì ti gbóná dáadáa, ni a ń ṣe é, pẹ̀lú ìsinmi tó tó láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọmọ tó ti yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó sá mítà 100 kì í kọ́ eré sísá mọ́, ṣe ló kàn ń jẹ ìyà.

Fún ìmú-ara-gbóná, ẹ má fi òye ara yín hun ún. Ètò kan wà tí FIFA gbé jáde ní ọdún 2006, tí a mọ̀ sí 11+. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ló ń gbà, ó yẹ ọmọ ọdún 14 sókè, kò sì béèrè ohun èlò kankan ju kóònù mélòó kan àti bọ́ọ̀lù lọ. Fún ìṣẹ́jú 8 àkọ́kọ́, wọn á máa sá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú yíyí ìbàdí àti fífò gbún ara ní èjìká. Ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀lé e jẹ́ ti agbára iṣan, fífò àti dídúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú 2 tó kù jẹ́ eré kíákíá pẹ̀lú yíyà lójijì. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń ṣe é tọkàntọkàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìfarapa máa ń dín kù gidigidi.

Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí n kò ní fojú fò dá. Ọmọ á kúnlẹ̀, ẹnì kejì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú sílẹ̀, ẹni tó kúnlẹ̀ á wá máa rọra fi ara rẹ̀ sílẹ̀ síwájú láì tẹ ìbàdí, títí tí kò fi ní lè dá ara dúró mọ́, á sì fi ọwọ́ gba ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò dùn wọ́n ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Kò sí ohun tí mo mọ̀ tó dáàbò bo iṣan ẹ̀yìn itan bí èyí.

Bàbá Pápá kọ̀wé pé:

Mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti kọ́ bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́ fún ọdún púpọ̀, n kò sì lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ayé tiwa, bí ìdíje bá ti ń bọ̀, òkè Ìdànrè la ń kó àwọn ọmọ lọ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ẹni tí ó bá sì gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní òwúrọ̀ kan, kò sí ẹni tí yóò rẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú 90. Ọmọ tí kò bá lè yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ni yóò ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ àfikún àkókò? Mo kẹ́dùn pẹ̀lú Kóòṣì lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ibà ló gbé ọmọ náà ṣubú, kì í ṣe eré sísá.

Wíńgì Ọ̀tún kọ̀wé pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí òkè náà. Obìnrin ni mí, mo gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́sàn-án kí orúnkún mi tó dá mi dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a kì í sọ nípa òkè Ìdànrè: gígùn rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, sísọ̀kalẹ̀ ni. Àwa tí ó ti rẹ̀ máa ń sáré sọ̀kalẹ̀ nítorí pé ẹni tó kẹ́yìn yóò tún un gùn. Orí orúnkún àti orí iṣan iwájú itan ni gbogbo ìwúwo ara ń bọ́ sí ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lórí òkúta. Fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a ò lè jókòó láì di nǹkan mú, ọjọ́ kẹta ọ̀hún sì ni a óò gbá ìdíje.

Bọ́ọ̀lù kọ́ ló ba orúnkún mi jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kàn mí. Mo fò láti fi orí gbá bọ́ọ̀lù, mo bọ́ sílẹ̀, orúnkún mi sì yà sínú. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ bí ìgbà tí a bá dá ẹ̀ka igi gbígbẹ. Kò sí ẹni tó kọ́ mi rí bí a ṣe ń balẹ̀: kí orúnkún tẹ̀, kí ó dúró ní ìlà pẹ̀lú ọmọ-ìka ẹsẹ̀, kí ìbàdí lọ sẹ́yìn díẹ̀. Àwa obìnrin sì ni irú ìfarapa yìí máa ń bá jà jù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dúró níwájú wọn kí ẹ máa wo orúnkún wọn bí wọ́n bá ń fò.

Ní ti agbára tí Bàbá ń sọ, ọ̀nà mìíràn wà láti rí i. Gbogbo wa la gbá mọ́ńkí pọ́ọ̀sì dàgbà ní Arákàlẹ̀ àti Ìjọ̀ká. Ẹ mú ìyẹn, ẹ fún un ní òfin. Ẹ fi kóònù sàmì sí ibi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 30, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 25, kí ọmọ mẹ́rin dojú kọ mẹ́rin, kí bọ́ọ̀lù púpọ̀ wà létí ìlà kí eré má bàa dúró. Ìṣẹ́jú 4 ni wọn yóò gbá a kíkankíkan, wọn á sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn tí ara wọn ti le yóò ṣe é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn onímọ̀ kan ní Nọ́wè ti fi ìṣẹ́jú 4 lẹ́ẹ̀mẹrin yìí, pẹ̀lú eré sísá nìkan, dán àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001: ibi tí àwọn ọmọ náà ń rìn dé nínú ìdíje fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, iye ìgbà tí wọ́n ń sá kíkankíkan sì di ìlọ́po méjì. Bí a bá fi bọ́ọ̀lù sí i, ọmọ kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń sáré.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká kọ̀wé pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ tó dákú, nítorí pé ohun kan wà nínú ìtàn Kóòṣì tí ó bà mí lẹ́rù. Ọmọ náà ní kí wọ́n bá òun ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ń sáré nínú oòrùn, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán. Ooru ti wọ ọpọlọ rẹ̀ ni. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbóná kọjá 40°C nínú lọ́hùn-ún, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì fi wà bẹ́ẹ̀ ń pa á lára. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ tutù níbi tí ó wà, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e sínú agbada omi tútù bí ẹ bá ní, bí kò bá sí, ẹ máa da omi sí gbogbo ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ẹlòmíràn máa fẹ́ ẹ, kí ẹ fi yìnyín sí ọrùn, abíyá àti abẹ́ itan rẹ̀. Bí kò bá tíì lajú dáadáa, ẹ má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ ṣe dáadáa pẹ̀lú omi tí ẹ dà, Kóòṣì. Ìyẹn gan-an ló ṣeé ṣe kí ó gbà á là.

Bàbá Pápá, ẹ dákun, ibà àti eré sísá kì í ṣe ohun méjì tó ya ara wọn sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ibà ń ṣe, ara rẹ̀ ti gbóná kí ó tó dé pápá. Àìsàn mìíràn tó ń mú ara gbóná tún lè wọ inú iṣan ọkàn, tí eré líle á wá sọ ọ́ di ewu ńlá. Ọmọ tí ibà bá ń ṣe kò gbọdọ̀ ṣe ìdárayá rárá, ì báà jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ẹ tún mọ jẹ́nótáìpù wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ má ṣe lé wọn kúrò, ṣùgbọ́n bí a bá ń lé wọn sá eré àsátúnsá láìsinmi nínú ooru, iṣan wọn lè kọ̀ lójijì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní òmìnira láti dúró nígbà tí wọ́n bá ní ó tó, láìsí ẹni tí yóò pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkàn sì kù. Àwa tí a dàgbà díẹ̀ kò lè gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré ńlá ti Èkó níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò lẹ́yìn ikú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Denmark, náà ṣubú lórí pápá ní Copenhagen, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lo ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí. Ó yè, ó sì padà gbá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣubú láìsí ẹni tó kàn án, tí kò dáhùn, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, kí ẹnì kan pe 112, kí ẹlòmíràn fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àyà rẹ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ẹ̀ẹ̀ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ó bá ń mí gùlegùle bí ẹni ń hanrun, ìyẹn kì í ṣe èémí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìyá Gólì kọ̀wé pé:

Ẹ ṣé gan-an ni, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ló ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kan ní ìtòsí Ọ̀bà-Ilé. Kóòṣì wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mu omi títí wọn á fi parí, ó ní omi máa ń jẹ́ kí inú wúwo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ọmọ mi sì máa ń gbààwẹ̀ nígbà Ramadan, kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká kọ̀wé pé:

Rárá o, Màmá. Ìyà àìmu omi ló fi ń jẹ wọ́n. Ní ìdíje àgbáyé ọdún 2014 ní Brazil, nígbà tí ooru pọ̀ jù, adájọ́ fọn fèrè kí àwọn agbábọ́ọ̀lù Netherlands àti Mẹ́síkò dúró mu omi láàárín eré. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá lè dúró, ọmọ wa lè dúró. Kí wọ́n máa mu díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20, dípò kí wọ́n gbé ọ̀rá omi mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ààwẹ̀, kí ó bá kóòṣì sọ̀rọ̀ kí wọ́n sún ìdárayá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìṣínu, tàbí kí ó ṣe èyí tó fúyẹ́ nígbà tí ìṣínu bá kù díẹ̀.

Kóòṣì Òkè-Àró kọ̀wé pé:

Ẹ̀kọ́ ńlá ni mò ń kọ́. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní aago tó ń ka ìlù ọkàn. Èmi kò ní ju fèrè àti ìwé lọ. Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọmọ kan?

Olùtọ́jú Iṣan, Ondo kọ̀wé pé:

Ìwé yín tó, Kóòṣì. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan pé, láti 0 dé 10, báwo ni iṣẹ́ òní ṣe le tó. Ní ìkọ̀kọ̀ ni o, torí bí ẹ bá bi wọ́n láàárín ẹgbẹ́, gbogbo wọn ni yóò ní 3. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú tí ẹ lò sọ ọ́ di púpọ̀: bí ìdárayá bá jẹ́ ìṣẹ́jú 70, tí ọmọ sì ní 6, 420 ni. Ẹ ro ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Ọmọ tí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá fò sókè ju ti àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lọ, ẹ dín tirẹ̀ kù. Ọmọ tó ń sọ pé 8 níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń sọ 5, nǹkan kan ń ṣe é: bóyá kò sùn, bóyá kò jẹun, bóyá ibà ti ń bọ̀.

Bàbá Pápá kọ̀wé pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ Wíńgì Ọ̀tún wọ̀ mí lára, torí mo rántí àwọn ọmọ méjì tí orúnkún wọn bàjẹ́ lábẹ́ mi, tí mo sì sọ pé wọn kò lágbára tó. Mo ṣì gbàgbọ́ pé ó yẹ kí ọmọ mọ bí a ṣe ń fara da nǹkan, ṣùgbọ́n n kò ní kó ẹnikẹ́ni sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo mọ̀ kún un, nítorí n kò tíì rí ẹni tó mẹ́nu kan ilẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa le bí kọnkéré ní ọ̀gbẹlẹ̀, òjò á sì gbẹ́ kòtò sí i. Kí Kóòṣì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín láti igun dé igun kí ọmọ kankan tó wọ̀ ọ́. Mo ti ṣa àfọ́kù ìgò àti irin kúrò lórí pápá ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ẹ mi òpó gólì wò. Òpó onírin tí a kò rì mọ́lẹ̀ lè wó lu ọmọ tó bá so mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì gbọ́ ààrá, ẹ kó wọn wọ inú ilé, kì í ṣe abẹ́ igi, kí ẹ má sì padà síta títí tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó kẹ́yìn. Ààrá máa ń yọ wá lẹ́nu gan-an ní Àkúrẹ́ bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì Òkè-Àró kọ̀wé pé:

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, a ti ṣe ti àkọ́kọ́ lánàá, mo sì ṣèlérí pé n óò jábọ̀.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la bẹ̀rẹ̀. Mo ti rin ilẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú, mo dí kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mo sì gbé agbada ńlá ìyàwó mi tí omi kún sábẹ́ máńgòrò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé o jẹun, ṣé o sùn, ṣé ibì kan ń dùn ọ́? Ọmọ méjì ní ibà ń ṣe àwọn. Mo ní kí wọ́n padà sílé, ọ̀kan nínú wọn sì sunkún nítorí ó rò pé mo yọ òun ni. Mo bá a rìn dé títì, mo sì ṣàlàyé fún un.

Yàtọ̀ sí ọmọ tó dákú, mọ́kàndínlógún ló kù. Nígbà tí wọ́n ń balẹ̀ látinú fífò, mo rí orúnkún ọmọ márùn-ún tó ń yà sínú, àwọn ọmọ tí mo ti ń wò láti ọdún méjì láì rí i rí. A pín pápá sí méjì fún mẹ́rin sí mẹ́rin. Àwọn mẹ́ta tó kù, tí méjì nínú wọn jẹ́ aṣọ́lé, ń ṣe ìkúnlẹ̀ fífi-ara-sílẹ̀ àti bọ́ọ̀lù fífi ọwọ́ mú lọ́dọ̀ igbákejì mi, a sì ń pààrọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ìṣẹ́jú 4 ni a ṣe. Mo fẹ́ ṣe ìkẹrin, ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, ọwọ́ ti ń wà lórí orúnkún, mo sì fọn fèrè. A rìn, a na iṣan, a parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ tó dákú náà wá, kò wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Ìwé dókítà ní kí ó sinmi fún ìgbà díẹ̀ sí i. Òun ni mo fún ní ìwé àti bírò kí ó máa gba nọ́ńbà láti ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀, gẹ́gẹ́ bí Olùtọ́jú Iṣan ṣe wí. Nígbà tó kó ìwé náà fún mi, 5 àti 6 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ kan ní 9. Mo ti pe bàbá rẹ̀ láàárọ̀ yìí.